Ọmọ Ìwó, Ẹbí Rẹ Dà?

Inú bọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka wa ń lọ sí Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgbọ̀n pẹ̀lú olùkọ́ méjì. Ẹnì kan ní kí kálukú dárúkọ ẹranko tó wù ú jù láti rí. Àwọn kan pe kìnnìún, àwọn kan pe ọ̀nì. Ọmọbìnrin kan pe ejò, wọ́n ní kó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Nígbà tó kàn mí, mi ò tíì lanu tí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, fi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ má yọ eléyìí lẹ́nu, odídẹrẹ́ ló ń lọ wò. Ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí ẹ̀ ni." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣebí ọmọ Ìwó ni mí, ta ni kò sì mọ̀ pé ìlú odídẹrẹ́ ni Ìwó?

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mi ò rí odídẹrẹ́ tó ń fò lójú ọ̀run rí, yálà ní Ìwó tàbí níbòmíràn.

Fún àwọn tí kò mọ̀tàn nínú yín: ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Adékọ́lá Télù, ọmọ Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ló kó wọn jáde. Wọ́n tẹ̀dó síhìn-ín, wọ́n ṣí kúrò, wọ́n tẹ̀dó sọ́hùn-ún, títí wọ́n fi dé ibi tí odídẹrẹ́ pọ̀ sí, tí wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí àwọn dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ki Ìwó kì í fi í jìnnà kó tó dárúkọ ẹyẹ náà. A ń yà á sára aṣọ, a ń yà á sára ògiri, a sì ń fi ṣe àmì ẹgbẹ́. Ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìkóódẹ, wà lára adé ọba, ó sì wà lórí ẹni tí wọ́n bá ń ṣe Ifá tàbí òrìṣà fún. Bí a bá ń sin ẹni tó ń rìnrìn-àjò, a ó ní odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ìyá àgbà mi ṣe àdúrà yẹn gan-an fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, kí n tó jáde nílé lọ wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa Agodi, torí ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni Agodi ti jẹ́ ilẹ̀ ìjọba. Nítòsí ibẹ̀ ni Sẹkitéríàtì wà, níbi tí wọ́n ti ṣàkóso gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní agbègbè kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà, níbi tí àwọn aṣòfin ti gbé àga lu ara wọn ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, tí rògbòdìyàn ilẹ̀ Yorùbá fi di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1967, wọ́n dá ọgbà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ní ẹranko, tó sì ní igi àti òdòdó. Ilẹ̀ náà tó 150 éékà. Ìdílé á jáde lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á gbé oúnjẹ dání, àwọn ọmọ á wo ẹranko, àwọn àgbà á jókòó lábẹ́ igi.

Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀, Ògùnpa kún. Ẹ bi ará Ìbàdàn èyíkéyìí tó ti dàgbà nígbà náà, wọ́n á sọ fún yín. Àwọn tó kú lé ní igba. Ọgbà Agodi náà bá a lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ibẹ̀ kò fi rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́, àfi ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 2012, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014.

Ibi tí à ń lọ nìyẹn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí a wọlé kì í ṣe ẹranko rárá, ìtutù ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú oòrùn àti ariwo Ìwó Road ni. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé gbogbo ará Ìbàdàn ló mọ Ìwó Road, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ti tẹ̀lé ọ̀nà náà kọjá Lálúpọn dé Ìwó gan-an?) Bí a ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà, tí igi ṣíji bò wá, ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ilé tí wọ́n ti fi omi nù. Àwọn tọkọtaya ń ya fọ́tò. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi di ọwọ́ ara wọn mú lọ́nà bí ẹ̀wọ̀n. Ògòngò kan na ọrùn sókè, ó tẹjú mọ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa títí olùkọ́ náà fi yẹ̀ sẹ́yìn.

Olùkọ́ kejì nawọ́ sí igi kan, ó ní kí ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. A wo igi náà. A wo ara wa. Ẹnì kan ní, "Igi ni, sà." Ẹ rántí pé àwa yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. A mọ ọ̀rọ̀-orúkọ, a mọ ọ̀rọ̀-ìṣe, a lè fi wákàtí kan ṣàlàyé àrànmọ́ fáwẹ̀lì. Bàbá tó wa ọkọ̀ wa, tó ń tẹ̀lé wa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ló dáhùn. Ó ní ahùn ni. Ó sọ ohun tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe fún ibà. Ó tún nawọ́ sí èkejì, ó ní àyùnrẹ́ nìyẹn, pé ìyeyè ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá bojú wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, Yorùbá wo wá ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ wá odídẹrẹ́ mi. Mo yí ibi tí àwọn ẹyẹ wà ká lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ọ̀kín, ó tẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyàwó tó ń wọ́ aṣọ nílẹ̀. Mo rí àwọn ọ̀bọ, mo rí ọ̀nì tó sùn bí igi tó wó sínú omi. Mi ò rí odídẹrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ti ń dúró dè mí lábẹ́ igi pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. "Ọmọ Ìwó," ló wí, "ẹbí rẹ dà?"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Mi ò bínú sí Agodi. Agodi kò jẹ mí ní odídẹrẹ́. Kí ni mò ń wá lọ sí Ìbàdàn tí ìlú mi ń fi í yangàn? Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ mí ní gbèsè ẹyẹ yìí, Ìwó ni, èmi náà sì wà nínú àwọn tó jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odídẹrẹ́. Kì í ṣe Ìwó nìkan ló ti ṣọ̀wọ́n. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ kan padà sí ibi tí wọ́n ti ń ka odídẹrẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, wọ́n rí i pé láti ọdún 1992, àádọ́rùn-ún ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ ló ti pòórá. Lọ́dún 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES péjọ sí Johannesburg, wọ́n sì fi odídẹrẹ́ sí ìpele tó ga jù lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un láti inú igbó lọ tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹyẹ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ó sì lè gbé tó ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé, torí náà àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń mú un á so ọ̀kan mọ́ orí igi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tàn, wọ́n á fi àtè pa ẹ̀ka igi. Odídẹrẹ́ kì í dá rìn. Bí ọ̀kan bá ké, ogún á bà. Ẹ wo ibi tí àdúrà wa já sí: oko ìwájẹ gan-an ni wọ́n ti ń mú un.

Ìdí kejì ni igi, èyí sì ni mo fẹ́ ká dúró lé. Odídẹrẹ́ kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ihò igi ńlá tó ga ló ń yé sí, ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún, bí oṣù kan ló sì fi ń sàba lé e. Kò lè gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀. Ó ní láti bá ihò níbẹ̀, nínú igi tó ti gbó, irú ìrókò tàbí arabà tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kán rí. Bí igi bá dàgbà tó báyìí, àwọn apákó náà ti fojú sí i lára. A gé igi náà, a fi ṣe ìlẹ̀kùn, a sì ya odídẹrẹ́ sára ìlẹ̀kùn náà. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà nílé wa.

Èrò mi rèé: ó yẹ kí Ìwó ní ọgbà tirẹ̀, èyí tó ní igi àti ẹranko pa pọ̀ bíi ti Agodi. Ṣùgbọ́n igi ni kí a kọ́kọ́ gbìn. Kí ẹranko ṣe sùúrù.

Nígbà tí mo sọ èyí nínú kíláàsì, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kọlù mí. Àwọn àkọ́kọ́ ní ta ni yóò sanwó wá wo igi. Wọ́n ní kí n gbé kìnnìún wá, kí n gbẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́, kí n kọ́ ilé àríyá sí i, owó á wọlé. Mo gbọ́ wọn, owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá. Ẹni tó bá ń bọ́ ẹranko mọ̀ pé ẹran kìnnìún kì í dúró de owó oṣù ìjọba. Èyí gan-an ló mú kí n má fẹ́ kìnnìún. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, kìnnìún kan pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Wọ́n sì pa kìnnìún náà. Àwa tí a gbọ́ ìròyìn náà lórí fóònù, a sọ̀rọ̀ títí, a dákẹ́. Ìdílé ọkùnrin náà kò lè dákẹ́. Kìnnìún kì í ṣe ẹran ilẹ̀ wa níhìn-ín mọ́ rárá; Yankari àti Kainji nìkan ni ìwọ̀nba tó kù nínú igbó Nàìjíríà wà, wọn kò sì tó àádọ́ta. Kí ni Ìwó fẹ́ fi ọ̀kan nínú àgò ṣe? Ká máa sọ fún ọmọdé pé kìnnìún nìyí, ẹranko tí bàbá rẹ̀ kò rí rí, nígbà tí ọmọ náà kò mọ òòrẹ̀, kò mọ akika, kò mọ ẹtu?

Àwọn kejì ní kí n má tilẹ̀ dá ọgbà kankan sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ọgbà ẹranko, kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn yìí ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú wọn. Mo wo ojú ọ̀bọ kan láti ẹ̀yìn irin, ó wojú mi, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Ṣùgbọ́n mo tún wo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wọ̀nyẹn. Ọ̀kan nínú wọn kígbe "Ìjàpá!" bí ẹni tó rí ẹni tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un láti ọjọ́ tó ti dáyé. Gbogbo àlọ́ tó ti gbọ́ di òótọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò lè sọ fún ọmọ yẹn pé kó lọ wò ó nínú íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, mo wà láàárín. Ọ̀nà tí mo sì ń wí yìí kì í ṣe tuntun. Ní Paris, ọgbà tí wọ́n ń pè ní Jardin des Plantes lónìí, ọgbà ewé oògùn ọba Louis XIII ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1635. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí ewé àti igi fi dá gbé ibẹ̀. Ẹ̀yìn tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn ni wọ́n tó kó ẹranko wọ ibẹ̀, lára wọn ni àwọn tó ṣẹ́kù ní ààfin Versailles. Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà: ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin. Kò sí àgò níbẹ̀. Èèwọ̀ ló dáàbò bo igi ibẹ̀, àwọn ọ̀bọ sì ń fò kiri bó ṣe wù wọ́n. UNESCO fi igbó náà kún àwọn ohun-ìní àgbáyé ní 2005, àwọn ènìyàn sì ń ti Brazil àti Amẹ́ríkà sanwó wá wò ó. Igi ni wọ́n ń wá wò, ẹ̀yin tí ẹ ní ta ni yóò sanwó wo igi. Igi àti ohun tí igi náà gbé dání.

Ní Ìwó, ilẹ̀ kò wọ́n wa. Ilẹ̀ Baptist College àtijọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tíṣà ayé àwọn bàbá wa, ni Yunifásítì Bowen wà lónìí, ilẹ̀ náà sì gbòòrò. Thomas Jefferson Bowen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì náà kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ẹni tó to ọ̀rọ̀ wa jọ bẹ́ẹ̀ kò ní bínú bí a bá gba igun kan nínú ilẹ̀ náà fún àwọn igi tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Bí kò bá sì ṣe ibẹ̀, kí ààfin àti ìjọba ìbílẹ̀ wá ibòmíràn. Ohun tí a nílò ni igun ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní tà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Kí ni kó wà níbẹ̀? Ọ̀pẹ kọ́kọ́, torí odídẹrẹ́ fẹ́ràn ẹyìn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Lẹ́yìn náà arabà, ìrókò, afàrà, ahùn, ìyeyè, akòko. Kí a kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sára pátákó ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa nìyẹn, kí a má dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá bíi ti awakọ̀ wa ni kí a pè wá kọ́ wa. Ní ti odídẹrẹ́, mi ò ní kí wọ́n lọ ra ẹyọ kan ṣoṣo lọ́jà. Ẹni tó bá rà á ti rán ọdẹ padà sínú igbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè máa ń gba ẹyẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, òmíràn nínú wọn ni wọ́n sì ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ tí kò lè padà sígbó kíákíá. Irú wọn ni kí a bẹ̀bẹ̀ fún, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, pẹ̀lú dókítà ẹranko. Ilé ẹyẹ kan tó ga, tó gbòòrò, tí igi wà nínú rẹ̀. Kí a má mú ọ̀kan ṣoṣo wá, torí bí odídẹrẹ́ bá dá wà, ó máa ń fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu. Kí a sì wá ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ ọ lóru, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta ìkóódẹ.

Yóò pẹ́. Ìrókò tí a bá gbìn lónìí, bóyá ọmọ ọmọ wa ni yóò rí ihò nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ràn nínú èrò mi nìyẹn, mi ò sì ní ìdáhùn tó dùn fún wọn.

Nígbà tí mo délé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, Ìyá àgbà bi mí pé ṣé mo rí i. Mo ní, "Rárá, mà, mi ò rí i." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ariwo wọn ni ìyá àwọn fi máa ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti dáná alẹ́. Wọ́n fi ẹnu ṣe é fún mi, ìfé gígùn kan tó ga sókè tó sì já lójijì. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, mo sì fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀.

Èso arabà tí mo ṣà lọ́nà oko ni mo gbìn sínú ọ̀rá omi mẹ́fà lẹ́yìn yàrá mi. Mẹ́rin ti hù. Ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan.